Àpatì Ọkọ̀ àti Àwọn Tí Wọ́n Jí I Dìde ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Àwọn tí ń kọ ìtàn mọ́tò ní ilẹ̀ Yorùbá a máa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ ra tuntun. Wọn a mẹ́nu kan W. A. Dawodu ní Èkó, ẹni tí ó ti ń ta mọ́tò tí ó sì ń tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Wọn a dé ọ̀dọ̀ Olóyè Salami Agbájé ní Ìbàdàn, ọlọ́rọ̀ tí òwò ọkọ̀ wà lára ohun tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Wọn a sọ ti ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là fún mọ́tò ní nǹkan bí ọdún 1906. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn olówó ni, ìtàn ìlú ńlá sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi ojú ìtàn yẹn wo ilẹ̀ Ìbàràpá yóò fẹ́rẹ̀ rò pé mọ́tò kò débẹ̀ rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrù oko jáde láti Igbó-Ọrà àti Èrúwà, ọwọ́ kejì tàbí ọwọ́ kẹta ni ó ti dé ọwọ́ ẹni tí ń wà á. Òmíràn tilẹ̀ ti kú kí ó tó débẹ̀.

Iṣẹ́ tí a fi ń sọ òkú ọkọ̀ di alààyè, tí yóò sì tún máa ná ọjà lójoojúmọ́, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àwọn kan gbà pé ọdún 1986, nígbà tí ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìgboro kan, ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́ àti ọ̀wọ́n gógó nìkan kọ́ ni ó bí i. Irú ohun ọ̀gbìn tí ilẹ̀ Ìbàràpá ń mú jáde àti irú ọkọ̀ tí ìgbèríko kọ́kọ́ mọ̀ wà lára òbí rẹ̀.

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Ibi tí igbó ti ń tán tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó bọ̀ wọ Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta àti Olókèméjì ni ó gbà kọjá. Ó fi ìlú méjèèje sílẹ̀ sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Odò Ògùn sì wà láàárín Èrúwà àti Ìbàdàn. Igbó-Ọrà sún mọ́ Abẹ́òkúta ju Ìbàdàn lọ, Èrúwà ní tirẹ̀ kọjú sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìhà yòówù kí ẹrù dorí kọ, ọ̀nà ìgbèríko ni yóò tọ̀ kí ó tó bọ́ sí títì: eruku nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ nígbà òjò.

Ohun tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ ni ó yẹ kí a kíyè sí jù. Kòkó ni ó ra ọkọ̀ tuntun fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó. Àpò kòkó kan kò gba àyè púpọ̀, kì í tètè bàjẹ́ bí ó bá ti gbẹ, owó rẹ̀ sì jọjú. Ilẹ̀ Ìbàràpá kì í ṣe ilẹ̀ kòkó. Ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni, ilẹ̀ àgbàdo, ẹ̀gúsí àti iṣu. Ẹ̀gẹ́ wúwo bí òkúta, owó rẹ̀ kò pọ̀, bí a bá sì ti hú u tán, kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí inú rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò lè san gbèsè ọkọ̀ tuntun; bẹ́ẹ̀ ni kò lè dúró de ọkọ̀ tí yóò ti ìlú ńlá wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọkọ̀ tí ó wà nítòsí, tí kò wọ́n, tí olówó rẹ̀ kò ní máa bẹ̀rù pé kí igi oko má ha á lára, òun ni ẹ̀gẹ́ ń fẹ́. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó dà bí ẹni pé òòbẹ̀ gan-an ni òrìṣà oko ń bèèrè.

Bọ́lẹ̀kájà ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà iṣẹ́ náà hàn. Ọkọ̀ tí à ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní odindi. Ẹ́ńjìnnì, férémù irin gígùn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti iwájú rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ bí i Bedford, Austin, Albion àti Commer ń fi ránṣẹ́. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń to ìjókòó gbọọrọ sí i nínú. Àwọn akunlé sì ń kọ òwe, orúkọ tàbí àdúrà sí iwájú orí rẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí kò kéré. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti wà ní tuntun ni ìdajì ara rẹ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Yorùbá. Bí pákó rẹ̀ bá jẹrà, a ó wá pákó mìíràn. Bí sípíríìngì rẹ̀ bá ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ tí ó ti ń rọ ọkọ́ àti àdá kí mọ́tò tó dé yóò mú un lọ sí ẹnu ewìrì. Ohun tí ó kù ni ẹ́ńjìnnì, kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bá òyìnbó àti àwọn ará Síríà ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ wọn fi mọ ìdí ìyẹn náà.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ nígbà náà ni ó ń ra ọkọ̀ tuntun ní ìsan-díẹ̀-díẹ̀. Wọn a máa sá eré pẹ̀lú gbèsè: ọ̀sán, òru, ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ọjọ́ ọdún, ọkọ̀ kò ní ìsinmi. Kí gbèsè tó tán, ọkọ̀ ti rẹ̀. Èyí tí ó bá ti rẹ̀ ní títì ńlá ni a ń tà sí ojú ọ̀nà kékeré, nítorí pé ọlọ́pàá kò pọ̀ níbẹ̀, èrò kò sì lè sọ pé òun kò wọ̀ ọ́. Báyìí ni ọkọ̀ àlòkù ṣe ń ṣàn láti ìlú ńlá lọ sí ìlú kékeré, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ẹ̀gbọ́n ti ń ṣàn lọ sí ara àbúrò. Ilẹ̀ Ìbàràpá jẹ́ àbúrò fún Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni a ń pè ní àpatì ọkọ̀ gan-an? Kì í ṣe ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ nìkan. Ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ ṣì ní ẹni tí ń kanra lórí rẹ̀. Àpatì ni èyí tí olówó rẹ̀ ti dákẹ́ lé lórí, tí a gbé sí abẹ́ igi tàbí ẹ̀yìnkùlé, tí koríko ti gba abẹ́ rẹ̀ yọ, tí adìẹ sì ti sọ ibi ìjókòó rẹ̀ di ìtẹ́. Iye tí wọ́n ń pè é máa ń kéré, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà. Owó tí a fi ra àpatì kì í ṣe iye rẹ̀. Díẹ̀ lára iye rẹ̀ ni.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ kì í kọ́kọ́ bèèrè kọ́kọ́rọ́. Yóò fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì náà bá funfun tí ó ń fà bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó tàbí kí orí ẹ́ńjìnnì ti sán. Bí ọ́ìlì bá dúdú lásán, ìrètí wà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tú gbogbo pílọ́ọ̀gì, tí yóò sì ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó lè dé ibi tí písítìnì ti lẹ̀ mọ́ irin. Yóò fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, bóyá ọjọ́ kẹta. Ìgbà náà ni yóò tó ki sípánà bọ orí bóòtù iwájú ẹ́ńjìnnì, tí yóò fi ọwọ́ yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ó bá yí, ọkọ̀ náà kò tíì kú. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ni yóò pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá tì í ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí ríìngì písítìnì bá ti dì, títì yẹn ni yóò ṣẹ́ ẹ, ọkọ̀ tí ìbá jí yóò sì di òkú pátápátá.

Epo ni ó kàn. Pẹtiróòlù tí ó ti pẹ́ nínú tánkì a máa pàdánù agbára rẹ̀, a sì máa ki bí oje igi. Nítorí náà, wọn a sọ tánkì kalẹ̀, wọn a da òkúta wẹ́wẹ́ àti epo sínú rẹ̀, wọn a máa mì í títí ìpẹtà yóò fi ṣí. Kabúrétọ̀ kéré ní ìrísí, ṣùgbọ́n ihò inú rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ìdọ̀tí kan ṣoṣo fi lè dá ọkọ̀ ńlá dúró lórí òkè. Wọn a tú u, wọn a fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, wọn a fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọn a fi pépà aláìdán ha ojú irin méjì tí ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì. Rédíétọ̀ yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fi òjé dí i. Wáyà tí eku ti jẹ yóò lọ sí ọwọ́ ríwáyà, taya sí ọwọ́ fọkanáísà, ara tí ó ti jẹrà sí ọwọ́ páńẹ́bítà. Bí a bá ka àwọn ọwọ́ wọ̀nyí, a ó rí i pé kò sí ẹni tí ó ń dá àpatì jí. Ìlú ni ó ń jí i.

Bíréèkì ni wọ́n sábà máa ń fi sí ẹ̀yìn, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Rọ́bà inú rẹ̀ a máa gbẹ bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́, omi bíréèkì a sì máa jò jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Àwọn kan a máa da omi ọṣẹ sí i dípò omi bíréèkì, nítorí pé kò wọ́n. Àwọn mìíràn a máa da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, èyí tí ń wú rọ́bà tí ó sì ń bà á jẹ́. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣí, yóò sì rìn dáadáa. Ìgbà tí ó bá di pé kí ó dúró ni ọ̀ràn ń bẹ̀rẹ̀.

Irú àwọn ọwọ́ wọ̀nyí kò ti ilé-ẹ̀kọ́ wá. Ọmọ yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá, yóò lo ọdún mélòó kan, yóò kọ́kọ́ máa fọ irin, yóò máa gbé sípánà fún àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, títí wọn yóò fi ṣe àṣeyẹ ìdásílẹ̀ fún un, tí wọn yóò sì gbàdúrà sí i lórí. Iṣẹ́ irin ni. Ẹni tí ó ń sin Ògún àti ẹni tí kò sìn ín ni ó jọ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ à-fọwọ́-yẹpẹrẹ-mú. Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ Fathers Work for Their Sons tí ó jáde ní 1985, sọ̀rọ̀ lórí àwọn mẹkáníìkì Ilé-Ifẹ̀, ó sì so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ìdílé àgbẹ̀ tí owó kòkó gbé ọmọ wọn kúrò lóko. Ó ku ẹni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Ìbàràpá, níbi tí ó jẹ́ pé ọmọ tí ó fi oko sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ tún ń fi iṣẹ́ náà sin oko.

Ọdún 1972 mú ìyípadà kan wá: ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọdún 1975 ni ó mú èyí tí ó tóbi jù wá. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, tí ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ọ̀sẹ̀ kan péré láàárín wọn. Ọdún yẹn kan náà ni owó Udoji bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ tí ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ bọ́ sí orí alùpùpù, èyí tí ó ti ń gun alùpùpù bọ́ sínú Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjàpá nítorí ìrísí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìjàpá yìí àti Peugeot 504 ni ọkọ̀ méjì tí iṣẹ́ jíjí àpatì bá lára mu jù. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀yìn. Ohun tí kò ní omi kò lè jo omi. 504, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, ní sípíríìngì tí ó gùn tí ó sì rọ̀, abẹ́ rẹ̀ ga sí ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò díjú. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù lè gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ, kí á má tilẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ń dì lé e lórí ní ọjọ́ ọjà. Ohun mìíràn tún wà tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ ọdún ni Kàdúná fi ń ṣe 504 kan náà láìyí i padà púpọ̀. Nítorí náà, apá kan lára ti 1976 lè wọ ara ti 1986. Òkú 504 kan lè jí mẹ́ta.

Ìgbà ọ̀pọ̀ kò pẹ́ lọ títí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Shàgàrí ṣe òfin ìṣọ́wóná ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ó sì di pé ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò lè kó ọ̀pọ̀ irú ọjà wọlé. Apá ọkọ̀ di góòlù. Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá, àwọn ọkọ̀ tí owó Udoji rà di èyí tí a gbé lé orí búlọ́ọ̀kù, kí taya wọn má baà jẹrà mọ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó gbé ọkọ̀ lé búlọ́ọ̀kù kò tíì pa á tì; ó ń dúró de owó oṣù. Ṣùgbọ́n owó oṣù kò dé bí ó ti yẹ, nígbà tí ó sì dé, kò tó nǹkan mọ́. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP, ìjọba Babangida jẹ́ kí ọjà máa dá iye owó ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1987, nǹkan bí náírà mẹ́rin ni dọ́là kan. Peugeot tuntun kúrò ní ohun tí olùkọ́ tàbí àgbẹ̀ ń ronú sí.

Ibí ni tòkunbọ̀ ti wọlé. Láti Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù àti Holland ni wọ́n ti ń kó àwọn ọkọ̀ tí òyìnbó ti lò tì. Antwerp ni ọ̀pọ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi, Kútọnu ni ọ̀pọ̀ sì ń sọ̀ sí, kí wọ́n tó la ẹnu bodè kọjá wá sí Nàìjíríà. Apá ọkọ̀ náà bá wọn wá. Títí di òní, ẹni tí ó bá lọ sí Aráròmí ní Agodi Gate n'Íbàdàn tàbí sí Ládípọ̀ l'Ékòó láti ra ẹ́ńjìnnì àlòkù, «Bẹ́ljíọ̀mù» ni yóò bèèrè, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ Japan ni ẹ́ńjìnnì náà ti wá. Ilẹ̀ Ìbàràpá kò jìnnà púpọ̀ sí bodè Benin, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ni ó lè ra tòkunbọ̀. Ohun tí tòkunbọ̀ ṣe fún wọn ni pé, nígbà tí ará Ìbàdàn ra tòkunbọ̀, ó ta 504 rẹ̀ àtijọ́. 504 yẹn ni ó dé Èrúwà. Odò náà ṣì ń ṣàn sí ibi tí ó ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè dúró díẹ̀ lórí àwọn orúkọ wọ̀nyí. Bọ́lẹ̀kájà jẹ́ gbólóhùn tí ó di ọ̀rọ̀-orúkọ: «bọ́ sílẹ̀ kí á jà», ohùn àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń du èrò. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ènìyàn, ti ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí ó sì padà wálé. Orúkọ ìyìn ni. A mú un fún ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò, a sì sọ àlòkù di ọmọ tí ó ti àjò dé. Ẹ fi èyí wé àpatì, tí kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ọkọ̀ méjì lè jọ gbó bákan náà. Èyí tí ó gbó sí Antwerp ni à ń fi orúkọ ọmọ kí káàbọ̀, èyí tí ó gbó sí Lánlátẹ̀ ni à ń fi orúkọ ohun ìkọ̀sílẹ̀ pè. Ìyàtọ̀ yìí kò tọ́ sí ọwọ́ àwọn tí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n èdè kì í béèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ ohun tí ọjà ń rò.

Kò yẹ kí a yin iṣẹ́ yìí débi tí a ó fi gbàgbé òkú. Ọkọ̀ tí ó kó ẹrù dé ọjà kan náà ni ó ń kó èrò, bíréèkì olómi-ọṣẹ kò sì mọ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ènìyàn. Ìṣòro náà le ní ìpínlẹ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ òpó rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣọ́ lè dá ọkọ̀ dúró ní títì. Ta ni yóò dúró sí ọ̀nà oko? Níbẹ̀, ẹ̀rí ọkàn mẹkáníìkì nìkan ni òfin. Àìsí ọ̀nà rere àti àìsí owó ni ó gbé ẹrù ìjọba lé orí ọkùnrin kan tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà, a kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé òun ni ó béèrè fún un.

Láti nǹkan bí ọdún 2000 síwájú, ọkọ̀ mìíràn ti gba ipò. Nissan Micra kékeré di takisí Ìbàdàn, nígbà tí ó sì gbó níbẹ̀, òun náà mú ọ̀nà ìgbèríko pọ̀n. Kò ní kabúrétọ̀ tí a lè tú fọ̀. Ọpọlọ oníná ni ó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bí ọpọlọ náà bá sì dákẹ́, ọ́ìlì tí a ro sínú ihò pílọ́ọ̀gì kò ràn án. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ka àìsàn ọkọ̀ fún wọn. Àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ a máa fi ẹ̀rọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, pé kò ní etí láti fi gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n etí nìkan kò lè ka ohun tí a kọ sínú iná. Alùpùpù ni ó gba iṣẹ́ oko tí ó jìnnà jù, nítorí pé ojú ẹsẹ̀ tí ó tó ẹsẹ̀ ènìyàn kan ti tó o láti kọjá.

Ìjọba náà kò dákẹ́ lórí àlòkù. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ó fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó ti bodè fún ẹrù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ní oṣù kejì sí i ni a sì tú náírà sílẹ̀ ní ọjà. Tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ wá di ohun tí ẹni tí ń gba owó oṣù ń wò láti òkèèrè, bí òbí rẹ̀ ti ń wo Peugeot tuntun ní 1987. Ojú tún padà sí ẹ̀yìnkùlé, sí ohun tí ó wà lábẹ́ igi.

Gbogbo àpatì kọ́ ni ó ń jí. Ti èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yí, tí férémù rẹ̀ ti jẹ já, mẹkáníìkì yóò sọ fún olówó rẹ̀ láìfi bò, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Apá tí ó ṣì dára yóò lọ sí ara àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì àti irin tí ó so wọ́n pọ̀ yóò lọ sí abẹ́ ọmọláńkẹ́. Rọ́bà inú taya yóò di gúgà tí a fi ń fa omi kànga. Àwọn tí ń rọ ìkòkò yóò gba èyí tí ó fúyẹ́ nínú irin ẹ́ńjìnnì, wọn yóò yọ́ ọ, ọbẹ̀ yóò sì hó nínú rẹ̀. Sípíríìngì pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ fẹ́ràn jù, nítorí pé irin rere ni, kò ṣe é ṣẹ́ bọ̀rọ̀. Yóò gé e sí wẹ́wẹ́, yóò ki í bọ iná, yóò lù ú pẹlẹbẹ sí i, yóò pọ́n ẹnu rẹ̀. Ọkọ̀ yóò wá di ọkọ́, yóò sì padà lọ sí oko ẹ̀gẹ́.